Abẹ́rẹ́

Èmi Àlàmú wẹ́dà ni mo jó irin agbọ̀n yẹn,
ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ní Màsífà, lẹ́bàá igi kajú,
ajẹkù ọ̀pá irin tí mo fi ṣe géètì pásítọ̀.
N kò wọ̀n ọ́n. Ojú ni mo fi díwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́ yípo,
ìdí nìyẹn tó fi wọ́ díẹ̀ sápá òsì títí dòní.

Oyèlékè Láwuyì dé lọ́jọ́ kejì
pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ ti bó.
Ó gbójú sókè wo irin náà bí ẹni ń wo gbèsè.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
orí rẹ̀ kò kan ìṣó tí mo ń fi ṣòkòtò iṣẹ́ kọ́.
Àwọn ọmọ Ìjẹ̀rù ní, "Ta ló rán èyí lómi?"

Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Lẹ́ẹ̀kan náà ni.
Lẹ́yìn ìyẹn, a ò mọ ihò tó ń gbà mọ́:
ó wọlé lábíyá ẹnì kan, ó jáde lẹ́yìn ẹlòmíràn,
bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ga kọjá orúnkún,
tó-tó-tó, bí ìbẹ̀rẹ̀ òjò lórí páànù.
Ẹni gíga tó bá fẹ́ gbà á, àfi kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀.
Bàbá Ládépò, ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́, ló sọ ọ́ lórúkọ:
"Abẹ́rẹ́ rèé o. Adìẹ tó bá gbójú, kó wá gbé e mì."

Ìlọrin lé e. Ìbàdàn lé e.
Kóòṣì Ìbàdàn ò tilẹ̀ jẹ́ kó so okùn bàtà;
ó nawọ́ sí àtẹ́rígbà: "Ọjọ́ tí orí rẹ bá kan ibí, padà wá."
Gáréèjì ló sùn mọ́jú.
Kánò gbà á, torí ẹni tí wọ́n ń retí ní ibà.
Ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá:
Kánò, Èkó, Kòtónù, Dákà.
Eyín méjì kù sí Kòtónù,
orúnkún kan kù sí Dákà.
Lọ́jọ́ àṣekágbá, ṣọ́ọ̀bù mi kún fọ́fọ́,
ó ku ìṣẹ́jú kan, iná lọ.
Awakọ̀ kan láti Jẹ́bà ló sọ fún wa láàárọ̀ pé ó jẹ ẹ́,
a sì tún ayọ̀ ṣe bí ẹni pé kò tíì tutù.

Ó padà wálé lọ́dún tí kajú ò so.
Kò kọ́ ilé alájà. Ó ń tiro.
Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, á máa wo àwọn ọmọ.
Mo ní kí n ṣe é lóore:
mo sọ irin náà kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì,
kí ọwọ́ àwọn kékeré lè tó o.
Ó wò ó títí. Kò bínú.
"Àlàmú, gbé e padà.
Kò síbi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dè mí."
Òru ọjọ́ yẹn náà ni mo tún tanná jó o.

Ó ti kú báyìí, ó ti pẹ́.
Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí ọmọbìnrin kan, Mọ́ládùn,
tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ilé ìyá rẹ̀, bó ṣe ga tó.
Ó tẹ̀ bá bọ́ọ̀lù nílẹ̀, tó-tó-tó, ìsàlẹ̀ orúnkún,
ó gba ihò tí ara rẹ̀ ò yẹ kó gbà.
Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.
Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kọ́, bàbá. Bí wọ́n ṣe ń gbá a níbí nìyẹn."
Ọdún tí a sin Abẹ́rẹ́ ni wọ́n bí i.
Ẹ má bi mí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà; okùn ni mò ń wò.

Lára ọ̀pá náà, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ,
àpá iná mi ṣì wà, níbi àánú tí wọn ò gbà.
Ó ti ń dán.
Àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó fò,
wọn ò mọ̀dí.